Ìlà Kékeré Ìsàlẹ̀ Bébà Ara Fìríìsà

                                        Ẹ̀yìn Ilé Yìnyín,
                                        Òpópónà Àwọn Ẹlẹ́ja.
                                        Ọjọ́ Ẹtì, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ò ń se oúnjẹ ọ̀sán fún ńkọ́? Ti àwọn wọ̀nyẹn ni mò ń béèrè ju ti ẹnikẹ́ni lọ, má sì bínú. Láti àná ni mo ti ń pè ọ́. Obìnrin inú fóònù yẹn ló ń dá mi lóhùn, ó ní o kò sí nítòsí. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, kò kà á sí. Ara mi ni kò balẹ̀ tí mo fi mú bírò. O mọ̀ pé kíláàsì kejì ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, nítorí náà má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Kà á dé ìsàlẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan ẹja kankan.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ onídígí tí mo rà láti máa kó ẹja dídì sí yẹn ni.

O rántí bí mo ṣe fi í yangàn fún ọ lórí fóònù. Mo dé ilé ìtajà, mo bá méjì tí wọ́n lẹ bébà aláwọ̀ mèremère mọ́ lára, àwọ̀ ewé lókè, pupa nísàlẹ̀. Ọ̀kan ní lẹ́tà A gàdàgbà lójú àwọ̀ ewé, èkejì ní D. Ọmọ tó ń tajà fẹ́ ṣàlàyé, mo ní kó pẹnu mọ́, pé kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀ ni mo ti ń ta ẹja dídì. Ìwọ náà mọ iṣẹ́ wa: lẹ́tà ara páálí la fi ń mọ ẹja. A ni èyí tó le bí òkúta, tí ojú rẹ̀ mọ́. D ni èyí tó ti yọ́ lójú ọ̀nà tí wọ́n tún dì padà. Ta ni yóò rí A tí yóò mú D? Mo mú A. Mo sì ní kí ìwọ náà lọ mú A.

Jẹ́jẹ́, awakọ̀ tó ń kó ẹja wá fún àwa méjèèjì, já páálí fún mi, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà. Kò pẹ́ tí ẹja fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Mo tẹ ẹ̀yìn ọ̀kan, ìka mi wọlé. Ṣé ẹ̀rọ ni mo bú? Rárá o, Jẹ́jẹ́ ni. Mo ní ẹja yíyọ́ ló kó fún mi, pé bó ṣe ń wakọ̀ bí ẹni ń sin òkú, ẹja wo ni kò ní yọ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ fọwọ́ kan inú ẹ̀rọ yín ná." Mo ní ṣé ìyá rẹ̀ ló rà á fún mi ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀rù rèé. Onígbàjámọ̀ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ra lára ẹja náà, ẹlẹ́yìn búlúù yẹn, ó dín in, ó jẹ ẹ́. Kó tó gé irun orí ẹnì kan tán, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ata, ara ń yún un, ó ń bì, àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Ìlàjì orí ni oníbàárà rẹ̀ gbé lọ sílé. Àwa gbé onígbàjámọ̀ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní irú ẹja yẹn, bí òtútù bá ti fi í sílẹ̀ pẹ́, oró máa ń wọ inú rẹ̀, àti pé bí a sè é títí ìkòkò fi jó, oró náà kò ní jáde. Ó ti ń jókòó báyìí, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àgbà ọkùnrin ni. Ọmọdé ńkọ́?

Ìgbà yẹn ni àbígbẹ̀yìn mi, aránṣọ, lọ dúró síwájú bébà yẹn, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Màámi, ta ló sọ fún yín pé òtútù ni A yìí ń sọ?"

Mo ní, "Kí ló tún fẹ́ máa sọ lára fìríìsà? Orúkọ ọkọ ẹ?"

Ó ní, "Iná ló ń sọ. Bí ẹ̀rọ ṣe ń jẹ iná sí ni. Èyí tó bá ní A kì í jẹ iná púpọ̀, G ni ọ̀jẹun. Ẹgbẹ́ àti ẹgbẹ́ ni wọ́n sì fi ń wọn ara wọn, ti ohun mímu pẹ̀lú ti ohun mímu, ti ẹja dídì pẹ̀lú ti ẹja dídì. D tí ẹ kọ̀ yẹn, fìríìsà gidi ni. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n ṣe tiyín fún."

Ó fi àwòrán ìgò hàn mí nísàlẹ̀ bébà. Àbúrò mi, mo ti ń rí ìgò yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ dé. Mo rò pé wọ́n fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ni. Mo ti sáré bá gbogbo ẹni tó ra ẹja lọ́wọ́ mi, mo sì ti ri ìyókù mọ́lẹ̀.

Gbọ́ bí wàá ṣe wo tìrẹ. Fi lẹ́tà ńlá òkè sílẹ̀. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e, iye iná tó ń jẹ lọ́dún kan ni, òun náà kọ́ là ń wá. Lọ sísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí nọ́ńbà òtútù wà. Bó bá jẹ́ ti ẹja dídì, wàá rí ìlà kékeré kan tó dùbúlẹ̀ síwájú nọ́ńbà náà bí igi ìṣáná. Ìlà yẹn ló ń sọ pé òtútù rẹ̀ kọjá ti yìnyín. Tèmi kò ní ìlà. Márùn-ún lásán ló jókòó síbẹ̀, òtútù omi mímu.

Jẹ́jẹ́ ní ìrìn àjò kan náà ló fi já páálí tìrẹ, pé ojú òun lo ṣe kó wọn sínú ẹ̀rọ onídígí. Ó ní o tilẹ̀ ń fi mí yangàn, pé ẹ̀gbọ́n rẹ ní A ni kí o mú. Láti kékeré lo ti ń ṣe ohun tí mo bá sọ, inú mi a sì máa dùn sí i. Lónìí, òun ló ń bà mí lẹ́rù. Mọ́ńdè ni àwọn ọmọ ń ti ìsinmi dé tí wàá gbé ìkòkò kaná. Mo ń rí abọ́ kéékèèké yẹn lójú mi, tí wọ́n tò sórí bẹ́ǹṣì. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Ǹ bá wá fúnra mi, orúnkún mi kò gbà, oyún àbígbẹ̀yìn sì ti wọ oṣù ìbí.

Ó lè jẹ́ pé tìrẹ ní ìlà o. Onídígí kan wà tí wọ́n ń kó áísìkiriìmù sí, òun ní in. Bó bá wà, gé ìsàlẹ̀ bébà náà fún Jẹ́jẹ́, kí n fi ojú mi rí i. Bí kò bá sí, má tọ́ ẹja náà wò, má jẹ́ kí ọkọ rẹ tọ́ ọ wò, má fún ajá. Rì í mọ́lẹ̀. Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá béèrè ìdí tí kò fi sí ẹja, má purọ́ pé iná ló lọ. Sọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ló ní kí o ra ẹ̀rọ tí kì í ṣe ti ẹja. O mọ̀ pé kò sẹ́ni tó tíì sọ ọ́ rí lọ́jà yìí pé mo ṣìnà. Ìwọ sọ ọ́, sọ ọ́ sókè.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Àbígbẹ̀yìn ń kí ọ, onígbàjámọ̀ náà ń kí ọ láti orí àga.

Mo ti bẹ Jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ìyá, ṣé kí n sáré ni lónìí? Ẹ̀yin náà lẹ ní mò ń wakọ̀ bí ẹni ń sin òkú." Mo ní òkú yẹn gan-an ni mò ń sá fún. Ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ, ó tanná sí ọkọ̀. Ó ń dúró de lẹ́tà yìí. Mo ti gbé àpótí síwájú ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ni màá jókòó sí títí yóò fi padà yọ.

                                        Ẹ̀gbọ́n rẹ tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ ni,
                                        Olóríkunkun.