Ààrò Abẹ́ Kúkà Ìyá Rẹ

Kùdírátù ọmọ mi,

Mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù. Orúnkún mi ti fúyẹ́, ara ìyá rẹ náà le.

O ní kí á ta kúkà ńlá wa tí a fi ń dáná, pé sítóòfù kékeré ti tó arúgbó méjì. Èmi ni mo jẹ̀bi. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi kó ìwé ìròyìn sínú ààrò abẹ́ rẹ̀, tí mi ò jẹ́ kí ìyá rẹ yan kéèkì. Lánàá mo kó wọn jáde, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó yan kéèkì, ó ní, "Bàbá Kùdí, kéèkì ni kí n gé fún yín, àbí ìwé ìròyìn?"

A ò ní tà á mọ́. Fi agolo méjì tí a fi ń yan kéèkì ránṣẹ́. Orúkọ ìyá rẹ ni kí o kọ sí i, má kọ tèmi. Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú kanra láyọ̀.

Bàbá rẹ,
Láwàlì