Iye Tí Bàbá Jovnna Sọ

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le. Jovnna ọkọ mi ń kẹ́ mi, àmọ́ ojú ṣì ń tì mí láti bá a ṣeré níwájú bàbá rẹ̀.

Ẹ béèrè nípa àwọn àgbọ̀nrín ilẹ̀ olótùútù wa, èyí tí ẹ mú nínú agbo yín fi sìn mí wá sílé ọkọ. Oòrùn mú díẹ̀ lọ́dún yìí. Nígbà tí eṣinṣin yọ agbo wa lẹ́nu, wọ́n sá gun yìnyín orí òkè bí ìṣe wọn, níbi tí òtútù kì í jẹ́ kí eṣinṣin dé. Ṣùgbọ́n yìnyín náà ti fà sẹ́yìn, ó ti fẹ́lẹ́, ó sì já lábẹ́ wọn, wọ́n kó sínú ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan jáde; tèmi ò sí nínú wọn.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í béèrè iye àgbọ̀nrín lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Lánàá, bàbá Jovnna bu kọfí fún mi, ó sì sọ iye tó kù.

Mo ní, "Bàbá, mi ò bi yín."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀, ìyàwó wa. Ohun téèyàn lè fi ìka ọwọ́ kà, kí la tún ń fi pamọ́?"

Jovnna ní yìnyín á pọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo gbà á gbọ́.

Ẹ bá mi kí Iŋgá àbúrò mi. Tó bá béèrè àwọn tèmi, ẹ ní wọ́n wà lórí òkè.

Ọmọ yín,
Risten