Ṣé Ẹ Ti Rí Bàbá Mọ́rílí Lọ́hùn-ún?

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ ṣe bàbá tí ẹ tún ṣe ìyá fún mi,

Mo kí yín láti Eruwa níbí. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà. Bó bá jẹ́ pé ẹ wà láàyè ni, ǹ bá kúnlẹ̀ kí yín kú ìrọ̀lẹ́, ẹ ó sì ti máa fi ìka tẹ òkè imú yín bí ẹ ti máa ń ṣe bí ẹ bá fẹ́ gbọ́rọ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí, n kò rí alààyè tí mo lè bá sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ mi ti sú wọn, ọ̀rọ̀ tiwọn náà sì ti sú mi.

Ogun ti parí, Bàbá. Ẹ kò dúró gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ jókòó sílé ẹni tó ní rédíò ní Igbó-Ọrà, tí ẹ ó tẹ́tí títí bátìrì yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú, bóyá ẹ lè gbọ́ ibi tí Bàbá Mọ́rílí wà lójú ogun. Rédíò kò mọ orúkọ ọkọ mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde pé ó parí, gbogbo àdúgbò ń yọ̀, èmi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi. Láti ìgbà náà ni lọ́rì ti ń já àwọn sójà sílẹ̀ ní gáréèjì, òní ẹnì kan, ọ̀la ẹnì kan. Mọ́rílí ti ń sáré kiri báyìí. Kò dá ojú bàbá rẹ̀ mọ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá wọ kàkí ló ń pè ní bàbá. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, kò gbọ́.

Àwọn ará ilé ọkọ mi ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní ẹni tí kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé, tí kò sì ránṣẹ́, ó ti lọ nìyẹn. Wọ́n fẹ́ kí àfáà wá ṣe fìdáù, kí n ṣe opó, bí mo bá sì jáde, kí àbúrò ọkọ mi ṣú mi lópó. Ọkọ mi kékeré kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun ló ń ro oko ẹ̀gẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ tirẹ̀ tí ebi kò fi pa wá. Àmọ́ bó bá wúkọ́ lẹ́yìn ilé báyìí, bí Bàbá Mọ́rílí ṣe máa ń wúkọ́ gan-an ni. N ó ti dìde tán kí n tó rántí pé òun kọ́.

Ohun tí mo wá ṣe nìyí, ẹ má bínú sí mi. Ẹ rántí Mísì Élìn, òyìnbó obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama, tí mo máa ń rán aṣọ fún. Ẹ̀yin lẹ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ẹsẹ̀ lékèélékèé. Bó bá wá gba aṣọ, á tẹ́ àwọn káàdì kan sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Àwòrán wà lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọba, obìnrin tó di kìnnìún lẹ́nu mú, òṣùpá tí ajá ń gbó. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, irú káàdì yìí ni àwọn kan fi ń wo ohun tó wà níwájú ènìyàn. Ó fi Yorùbá rẹ̀ tí kò já gaara kọ́ èmi tí Gẹ̀ẹ́sì mi kò já gaara. Ó ní bí àwòrán bá jáde tí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà nìyẹn. Nígbà tó ń padà sílùú òyìnbó, ó kó wọn fún mi. Inú àpótí bọ́tìnnì ni mo jù wọ́n sí.

Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ irú rẹ̀. Ẹ máa ń ní Ọlọ́run nìkan ló mọ ọ̀la, kí kálukú gbé ọkọ́ rẹ̀. Mo gbé ọkọ́, Bàbá. Mo kírun, mo gbààwẹ̀, mo bẹ Ọlọ́run títí ohùn fi há mi lọ́fun. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ fìdáù fún mi, bí mo ti kírun Àílà tán, mo pa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé díẹ̀, mo po àwọn káàdì náà, mo fa mẹ́ta yọ. Èkíní fún ohun tó ti kọjá, èkejì fún ibi tí ọkọ mi wà báyìí, ẹ̀kẹta fún ohun tó ń bọ̀.

Èkíní jẹ́ ilé gíga kan tí àrá sán lù, àwọn ènìyàn ń já bọ́ láti ojú fèrèsé. Ogun nìyẹn, ìyẹn kò gba olùkọ́. Èkejì ni ọkùnrin tí wọ́n fi okùn so ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mọ́ igi, tí wọ́n gbé orí rẹ̀ kọ́ sísàlẹ̀. Àmọ́ káàdì náà dorí kodò nígbà tó jáde, ọkùnrin náà bá dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí ẹni tó fẹ́ jó. Mo ní wọ́n ti tú u sílẹ̀. Mo sọ ọ́ síta, èmi nìkan. Ẹ̀kẹta ni egungun òkú tó gun ẹṣin funfun, tó gbé àsíá dání, àwọn ènìyàn sùn lọ lẹ́sẹ̀ ẹṣin rẹ̀. Ó ti jáde fún mi rí níṣojú Mísì Élìn, ó sì ní kì í ṣe ikú, pé nǹkan kan ló fẹ́ tán kí òmíràn lè bẹ̀rẹ̀. Ṣé òtítọ́ ló sọ, Bàbá? Àbí ta ni yóò wo ojú aránṣọ rẹ̀ kó ní ikú ni òun rí?

Mo kó wọn jọ, mo tún un fà. Mo tún un fà. Mo ń fà á títí oòrùn kan tó ń rẹ́rìn-ín fi jáde, tí ọmọdé kan gun ẹṣin lábẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn díẹ̀. Ojú wá tì mí, nítorí èmi ni mo ń yọ wọ́n lẹ́nu títí wọ́n fi sọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́. Mo ṣa mẹ́ta àkọ́kọ́, mo tún wọn tò bí wọ́n ti wà.

Bí Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ mi, ṣe wọlé bá mi nìyẹn. Mo rò pé yóò bú mi. Ó fa àpótí ìjókòó, ó jókòó, ó sún mọ́ tábìlì nítorí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó ní kí ni mo ń wò. Mo sọ fún un.

Ó ní, “Èwo ni ọmọ mi níbẹ̀?”

Mo fi ọkùnrin tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan hàn án.

“Ṣé ó rù?”

Mo ní, “Kò rù, Ìyá.”

Ó mi orí. Ó wá na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo egungun tó gun ẹṣin náà, kò sì bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ ló sọ fún mi pé òun gbọ́ lọ́jà pé sójà kan tó bá ọmọ òun wà lójú ogun ti dé sí Lanlate.

Lọ́jọ́ ọjà Lanlate, a wọ lọ́rì, a jókòó sórí àpò gààrí. Abẹ́ igi máńgòrò la ti bá sójà náà, ó ń fi ọwọ́ kan tó kù sí i lára yín àgbàdo. Ara rẹ̀ kò gba ìwòran, nítorí náà ilẹ̀ ni àwa náà ń wò. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ni Bàbá Mọ́rílí, pé ó máa ń dárúkọ ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Ó ní ọkọ̀ ojú omi ni àwọn méjèèjì fi ń sọdá odò kan nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọkọ̀ dojú dé. Òun dé etí odò, wọ́n sì gbé òun lọ sí ọsibítù.

Ó ní, “Ìyá, n kò rí òkú rẹ̀. Bí mo bá ní ó ti kú, irọ́ ni. Bí mo bá sì ní ó yè, irọ́ náà ni.”

Nígbà tí à ń padà bọ̀ ni Ìyá Àgbà sọ ọ́ kẹ́lẹ́ sí mi létí pé ọmọ òun kò mọ bí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́. Mo ní bóyá wọ́n ti kọ́ ọ nínú iṣẹ́ sójà. Ó ní bóyá.

Lẹ́yìn Jímọ́ọ̀, àfáà dé. Olórí ẹbí ní kí n yọ yẹtí etí mi bí opó. N kò yọ ọ́, mo sọ ọ́ pé, “Ẹ ṣàdúà fún un, Bàbá. Alààyè náà ń fẹ́ àdúà. Ṣùgbọ́n n kò ní ṣe opó ẹni tí ẹnì kankan kò rí òkú rẹ̀.” Gbogbo wọn yíjú sí Ìyá Àgbà pé kó bá mi wí. Ó dìde, ó fa Mọ́rílí lọ́wọ́, ó wá jókòó tì mí lórí ẹní. Ọkọ mi kékeré wúkọ́, ó ní òun náà lè dúró, pé ẹnikẹ́ni kò lé òun. Olórí ẹbí bínú, ṣùgbọ́n ó fi mí sílẹ̀. Wọ́n ṣàdúà wọn, wọ́n pín àkàrà sàráà. Ìyá Àgbà gba tirẹ̀, kò fi kan ẹnu.

Wọ́n ń sọ pé mo láyà. Bàbá, n kò láyà kankan. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá bu omi láti wẹ Mọ́rílí, ọwọ́ mi á dúró sínú garawa. Aṣọ tí mo bá gé, mo ń gé e sódì. N kò lè sunkún òkú, n kò sì lè yọ̀ fún alààyè. Àwọn káàdì wà nínú àpótí, n kò fà wọ́n mọ́, nítorí kò sí èyí tí mo lè gbà gbọ́ nínú ohun tí ọwọ́ ara mi pò. Ẹ̀yin nìkan ló kù tí mo lè bi. Ẹ̀yin lẹ fà mí lé e lọ́wọ́. Bó bá ti dé ibẹ̀, ẹ kò ní ṣàì mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ ti rí i? Ṣé ó bi yín léèrè mi? Ṣé omi náà tutù?

Bó bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ bá mi sọ fún un pé kó wá lójú àlá, kó má sọ nǹkan kan, kó ṣáà jẹ́ kí n rí òun, kí n lè sunkún mi. Bí kò bá sì sí níbẹ̀, a jẹ́ pé àdúà tí wọ́n ṣe lórúkọ rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ yín, kò sì rí ẹni tó ni ín. Ẹ má dá a padà, Bàbá. Ẹ̀yin ni kí ẹ lò ó.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín, tí kò ì tíì yọ yẹtí etí rẹ̀.