Àjọ Àìsàn Ilé Wa

Olóòtú, mo kí yín o. Ìyàwó mi kú nígbà òjò, lọ́dún tí ogun abẹ́lé parí. Ọsibítù ní ká kọ́kọ́ sanwó, a ò sì ní in.

Látìgbà náà ni àwa ayálégbé ilé wa ní Ajégúnlẹ̀ ti ń dá àjọ àìsàn. Lóṣù tó kọjá, Akpevwe, ọ̀kan nínú wa, ń rọbí, ọmọ ò wá. A gbé e lọ, àjọ sanwó, tìyá tọmọ wà láàyè. Ọkàn mi balẹ̀ wàyí.

Ṣùgbọ́n Fágbénró tó ń rẹrù ní èbúté Àpápá ń bínú: “Baba, èmi ò ṣàìsàn rí. Ìgbà wo ni kíkó àjọ máa kàn mí?”

Mo ní, “Gbàdúrà kó má kàn ọ́ láé!”

Ó ní àfi ká dá tòun padà. Kí lẹ rí sí i? Láídé, àkọ́bí mi, ni kí ẹ fèsì fún. Mo ti fi àjọ náà lé e lọ́wọ́. Ohun tó bá sọ labẹ gé.