Ọ̀gá Tó Pe Nọ́ńbà Alààyè

Ọmọbìnrin mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti inú ilé tó ti dákẹ́ jù. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le bí ọta, àti pé ibi tí bàtà ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá ti bó ọ lẹ́sẹ̀ ti jinná. Èmi náà ń gbìyànjú.

A ti sin bàbá rẹ. Nígbà tí àwọn olùkọ́ rẹ ò jẹ́ kí o wá, jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ fún ọ, kí ẹlòmíràn tó fi iyọ̀ sí i.

O mọ àṣà wọn ní àgọ́ ọlọ́pàá: bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, gbogbo wọn á tò, ọ̀gá á pe nọ́ńbà olóògbé lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnikẹ́ni ò sì ní dáhùn. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni wọ́n fi ń dágbére. Ọ̀gá tí bàbá rẹ sìn títí dọjọ́ ikú wọn jáde, ikùn ṣíwájú, òun alára tẹ̀ lé e. Ó pe nọ́ńbà. Sájẹ́ǹtì tó ń ṣọ́ géètì fò sókè: "Mo wà níbí, sà!" Ọ̀gá ní, "Ta ló ní kí o dáhùn? O ti kú!" Sájẹ́ǹtì ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyàwó mi ò tíì gbọ́."

Ọmọ mi, nínú aṣọ ọ̀fọ̀ ni ẹ̀rín ti pa mí. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi. Inú òjò ní oríta ni bàbá rẹ máa ń dúró sí nígbà tí ọ̀gá yìí bá ń sùn lórí tábìlì, síbẹ̀ kò mọ nọ́ńbà wọn, ti sájẹ́ǹtì ló pè. Sájẹ́ǹtì tí ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu pa yẹn ló fúnra rẹ̀ pe èyí tó tọ́, tòun ti omijé lójú. Ìgbà yẹn ni gbogbo àgbàlá tó dákẹ́. Mo mọ̀ pé "wọ́n" ló yẹ kí n máa pe ọ̀gá; ọwọ́ mi ò gbà láti kọ ọ́.

Nígbà tó yá, ọ̀gá tẹ̀ lé wa wálé. Ó jókòó sórí àga bàbá rẹ láìbéèrè, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ kọ̀wé sí ọmọ yẹn kó fi iṣẹ́ ọkùnrin sílẹ̀. Màá fún un níṣẹ́ ní ọ́fíìsì mi. Á máa po tíì, á máa ṣílẹ̀kùn fún àlejò." Àbúrò bàbá rẹ ń mi orí bí alángbá: "Ọ̀gá ti sọ̀rọ̀ àgbà!" Àbúrò yìí kan náà tó jí ẹran nínú ìkòkò mi lọ́jọ́ kan, tí ìwọ, ọmọ kékeré nígbà yẹn, fi tì í mọ́ balùwẹ̀! Bàbá rẹ ló wá tú u sílẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní, "Ọlọ́pàá kejì ti dé ilé wa." Láti ọjọ́ yẹn ni o ò ti fẹ́ iṣẹ́ mìíràn mọ́.

N ò ní parọ́ fún ọ. Ó wù mí kí o wálé. Ilé yìí tóbi jù fún ẹnì kan. Ṣùgbọ́n mo wo ọkùnrin yẹn lórí àga olóògbé, mo ní, "Ọ̀gá, ọmọ mi ò lọ kọ́ tíì pípò, ó ti mọ̀ ọ́n nílé." Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní tí o bá kọ̀, òun á rí i pé ibi tí ọkọ̀ kì í dé ni wọ́n gbé ọ lọ.

Ó lè ṣe é lóòótọ́. Irú wọn lágbára. Làákàyè ni wọn ò ní. Bí wọ́n bá gbé ọ lọ, lọ. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ náà ń fẹ́ ẹni tí yóò ṣọ́ wọn. Àti pé níbi tí ọkọ̀ kì í dé, ọ̀gá yẹn ò ní fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láéláé.

Kí ẹsẹ̀ rẹ má yọ̀. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ bí ìwọ náà yóò ti máa ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ. O ò ní di ọ̀gá tí wọ́n ń sín jẹ lẹ́yìn.

Èmi ni ìyá rẹ,
aya ọlọ́pàá, ìyá ọlọ́pàá.

Àfikún: Mo ṣì máa ń bu oúnjẹ sí àwo méjì. Má torí ìyẹn wálé o. Mo máa ń jẹ ti èkejì náà.