Ohun Tó Wà Nínú Ìfun Mùrí

Ọjọ́ Ajé, 3 Fẹ́búárì 2025
Ẹ̀jẹ̀ lára ṣòkòtò Mùrí. Mo bi í. Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí n má pariwo. Ọkọ mi tó ń kọ́ gbogbo àdúgbò ní kéwú kò mọ irọ́ pa.

Ọjọ́rú, 5 Fẹ́búárì
Ìyá Kuta—ìyá ọkọ mi—gbé àgbo wá. Wọ́n ní ṣúgà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ gbà á. Ó mu ún. Ẹ̀jẹ̀ kò dá.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Fẹ́búárì
Ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Fẹ́búárì
Ó ṣubú níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá. Akọ̀wé—Badrudeen àbúrò rẹ̀, mi ò jẹ́ pe orúkọ rẹ̀—gbé e sọ́kọ̀, ó di ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn. Akọ̀wé náà ló fún un lẹ́jẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Fẹ́búárì
Wọ́n ti kámẹ́rà bọ inú rẹ̀. Kì í ṣe ọgbẹ́ inú. Kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí. Ìfun ń ṣẹ̀jẹ̀ káàkiri. Wọ́n gé ẹran bíńtín níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Dókítà Adéyẹmọ bi mí bóyá ahọ́n rẹ̀ ti tóbi báyìí tẹ́lẹ̀. Ahọ́n kẹ̀? Lóòótọ́, láti bí ọdún kan ni ohùn rẹ̀ ti ń wúwo tó bá ń ké Kùránì.

Ọjọ́bọ̀, 13 Fẹ́búárì
Kò sí ẹ̀jẹ̀ lónìí. Ọkàn mi ò balẹ̀ síbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Fẹ́búárì
Èsì dé. Àmílọ́ìdì. Mo ní kí dókítà tún un pè. Wọ́n ní inú múdùnmúdùn egungun ni èròjà burúkú kan ti ń wá. Ara kò rí i dà nù, ó wá ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n, mọ́ ìfun, mọ́ òpó ẹ̀jẹ̀, títí òpó ẹ̀jẹ̀ fi ń ya bí bébà. Kò wọ́pọ̀. Ìtọ́jú wà. Mo bi wọ́n bóyá ó lè dé ọkàn. Wọ́n ní àwọn máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Fẹ́búárì
Ìyá Kuta fẹ́ ká gbé e padà sí Ìwó. Wọ́n ní àrùn tí kò lórúkọ lédè wa, ta ló fẹ́ wò ó? Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ṣì ń sunkún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Fẹ́búárì
Ó ti dé ọkàn.
Mùrí ló ní kí dókítà sọ ọ́ lójú òun. Wọ́n ní kò tíì bà á jẹ́ púpọ̀, àmọ́ ìtọ́jú kò gbọ́dọ̀ falẹ̀. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ di ọ̀la. Ó ní kí wọ́n máa gún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì ní ó láyà.
Nígbà tí wọ́n jáde, ó di ọwọ́ mi mú, ó pe orúkọ mi gan-an—kì í ṣe Ìyá Haneefah tó máa ń pè mí.
"Ràhámọ̀tù, ẹ̀rù ń bà mí."
Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.
"Ó ń ba èmi náà."
Ó sún fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo jókòó tì í.