Àlàfo tí Mo Fi "Kò Sí" Dí

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Iṣẹ́ ilé ìwòsàn ti délẹ̀. Áàpù wọ́ọ̀dù àti áàpù ilé oògùn — orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni méjèèjì wà, wọn ò sì gbọ́ra wọn yé. Èmi ni kí n ṣètò dátà tí API, ìyẹn afárá àárín áàpù méjèèjì, máa gbé láti ọ̀kan dé èkejì. Baálé mi ní alárinà ni mí, kí n ṣọ́ra kí ìgbéyàwó má tú.

Ọjọ́rú, 5
Wàhálà kan ló kù. Àlàfo kan wà ní ti wọ́ọ̀dù: oògùn tí ara aláìsàn kì í gbà. Tí nọ́ọ̀sì ò bá tíì béèrè, á ṣófo. Áàpù ilé oògùn kì í gba òfìfo. "Ó wà" tàbí "Kò sí", ó parí. Ọ̀gá Kíá (ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ni, inú ìwé yìí nìkan ló ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀) ní kí n fi "Kò sí" dí i, kí iṣẹ́ lè gbéra lọ́jọ́ Ajé. Mo dí i.

Ọjọ́ Ajé, 10
Ó ń ṣiṣẹ́! Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ọjọ́bọ̀, 13
Àbúrò mi tó lóyún pè láti ilé ìwòsàn náà, ó ń yìn wá. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò tiẹ̀ bi mí ní nǹkan kan lónìí o. Wọ́n ní gbogbo ẹ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà."
Abẹ́rẹ́ kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ yìí nígbà tó wà nílé ìwé. Mo ṣí dátà rẹ̀ wò. "Kò sí." Èmi ni mo kọ ọ́.
Mo pè é padà, mo ní kó lọ sọ fún nọ́ọ̀sì kó tó kúrò níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbọ́ ohùn mi dáadáa, ó ní òun ti ń padà lọ bá nọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Mo ti fi ìdáhùn kẹta kún un: "A ò tíì béèrè." Ìyẹn dáa fún àwọn tó ń bọ̀. Àwọn tó ti kọjá ńkọ́? API ti dá "Kò sí" padà sí wọ́ọ̀dù pàápàá. "Kò sí" tòótọ́ àti èyí tí mo kọ ti dà pọ̀, mi ò lè yà wọ́n. Ọ̀gá Kíá ní kí n panu mọ́, àbí mo fẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa ni?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Àbúrò mi rí ẹni pè é. Ta ló máa pe àwọn yòókù? Mo gbé fóònù, mo gbé e kalẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Baálé mi ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má pa òwe fún mi.

Ọjọ́ Ajé, 17
Yàrá ọ̀gá ilé oògùn ni mo ti ń kọ èyí. Ìyá àgbàlagbà ni. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò bú mi. Ó ní, "Ọmọ mi, látìgbà tí nǹkan yín ti dé, àwa náà ò béèrè mọ́." Ó wá ń pe àwọn tó ti gba oògùn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara wọn le. Mo ń dúpẹ́ lábẹ́nú.
Ó ku ọkùnrin kan. Fóònù rẹ̀ ń dún, kò gbé e. Ìyá tún pè é. Obìnrin ló gbé e.
"Ẹ̀yin nìyàwó ẹ̀? Ẹ rọra, ẹ má sunkún. Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?"
Àbámẹ́ta ni wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ tí ara rẹ̀ kì í gbà. Ọjọ́bọ̀ ni mo ti mọ̀.